Bí Bàbá Nagisa Ṣe Ń Ṣubú

"Ẹ gbá a, Mọ́mì! Kí lẹ ń wò? Ó ti wà lẹ́yìn yín!"

Chizue ò gbá ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé páàdì géèmù lé itan, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Jàǹdùkú kan tó wọ kóòtù funfun ti dé tòun ti igi lọ́wọ́, ó sì ti ń na akọni géèmù náà bí ẹni ń na bàrà.

"Nagisa, bàbá rẹ nìyẹn."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní bàbá rẹ nìyẹn. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá lulẹ̀ yẹn. Ṣé o ò rí bó ṣe ṣubú ni? Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ fi kanlẹ̀, ó wá yí orí sápá ọ̀tún. Ta ló ń ṣubú báyẹn, bí kì í bá ṣe bàbá rẹ?"

Nagisa bú sẹ́rìn-ín. Tíì tútù tó ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú rẹ̀ jáde. "Gbogbo wọn ni Dádì o, Mọ́mì! Àtèyí tẹ́ ẹ gbá, àtèyí tó ń nà yín lọ́wọ́ yẹn. Kò sí jàǹdùkú kan nínú géèmù yìí tí kì í ṣe Dádì ló bá a ṣubú."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Chizue ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkùnrin yìí o, kò sì fi ojú kan iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa rí. Iṣẹ́ kí wọ́n máa lu ènìyàn ni iṣẹ́ Iwao ọkọ rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, nínú sinimá àwọn onídà ní Kyoto ni wọ́n ti ń pa á, wọ́n á sì ti pa á tán kí ìyàwó rẹ̀ tó rí ibi jókòó. Nígbà tí sinimá onídà ò tà mọ́, àwọn oníṣẹ́ géèmù gbà á. Wọ́n á wọ aṣọ dúdú tó fún pinpin fún un, wọ́n á lẹ ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ gbogbo oríkèé ara rẹ̀. Bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń ṣubú nìkan ni kámẹ́rà ń ká, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi kọ̀ǹpútà gbé ojú ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Bí Chizue bá bi í pé báwo niṣẹ́ lónìí, ìdáhùn kan náà ni: "Mo ṣubú, mo dìde." Ó tán.

Ìdí nìyẹn tó fi ní kí Nagisa kọ́ òun ní géèmù tuntun yìí, lọ́jọ́ Àìkú tí ọmọ náà kì í lọ síbi iṣẹ́. Ìtàn inú rẹ̀ wá wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe rò lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé, ó ń wá ẹni tó da bàbá ìsàlẹ̀ yakuza, ẹgbẹ́ jàǹdùkú wọn, tí wọ́n fi pa á. Ìyàwó olóògbé ń ta núdùlù nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí odò. Ibikíbi tí akọni náà bá ń lọ, Chizue á kọ́kọ́ mú un yà kí obìnrin náà.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ. Obìnrin yẹn ò lọ́rọ̀ tuntun kankan lẹ́nu."

"Opó ni. Ó yẹ kéèyàn máa kí i."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjà, rárá. Látọjọ́ tó ti dá ọkọ rẹ̀ mọ̀, bó bá ti rí jàǹdùkú lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti fò sódì kejì títì. Bó ṣe ń sá káàkiri nìyẹn títí di ọjọ́ Àìkú kẹta, tí omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wọ́n dé ilé àwọn ọ̀tá, ilé alájà mẹ́ta, ilẹ̀kùn òkè pátápátá ò sì ní ṣí àfi tí gbogbo àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn bá ti wà nílẹ̀.

"Ṣé kò sọ́nà míì ni?"

"Kò sí."

"Bàbá Nagisa, ẹ má bínú," ni Chizue wí, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Akọni náà gbá apárí kan mú, ó jù ú. Ọkùnrin náà yí gbirigbiri lórí àtẹ̀gùn mẹ́jọ, ìbàdí rẹ̀ gbá etí èyí tó kẹ́yìn, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó ká orúnkún jọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sẹ́yìn ìbàdí. Lẹ́yìn náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì lu ilẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Páàdì bọ́ lọ́wọ́ Chizue.

"Dá a padà."

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Mo ní kó o dá a padà kí n tún un rí!"

Nagisa dá a padà sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Wọ́n tún ju apárí náà. Ó tún fi ọwọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ibí yìí làwọn èèyàn fẹ́ràn jù," ni Nagisa wí. "Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ó dà bí òótọ́."

"Òótọ́ ni," ni Chizue wí.

Nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà ni Iwao sọ àmì yẹn fún un. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wọn ló ń ké, nítorí náà igbe kì í ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá fara pa ní ti gidi, ilẹ̀ ni yóò fi àtẹ́lẹwọ́ lù lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì dá iṣẹ́ dúró. Iwao ti búra fún un pé òun ò lu ilẹ̀ rí láyé òun.

Chizue bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Oṣù Kẹta, ọdún méjì sẹ́yìn, òjò ń rọ̀. Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ra ògiri wọlé, ó ní òun yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ibùdó rélùwéè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Chizue fi ń lẹ pílásítà mọ́ ọn ní ìbàdí. Ó bú u títí nítorí bàtà rẹ̀, ó ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń yọ̀, ó sì dà á sínú ìdọ̀tí. Bàtà aláwọ gidi! Iwao dúró, ó ń wò ó.

Ilẹ̀kùn dún. Iwao ló ti ilé ìwẹ̀ àdúgbò dé, tòun ti táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn.

"Ìyá Nagisa, ṣé kò tíì sóúnjẹ ni?"

"Bàbá Nagisa, ẹ jókòó."

Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó wá rọra jókòó, bó ṣe ń jókòó láti oṣù Kẹta ọjọ́sí. Chizue na ọwọ́ sí apárí tó nà gbalaja lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Àtẹ̀gùn rélùwéè wo nìyẹn?"

Iwao wò ó. Ó nu ojú. "Nagisa, lọ ra tófù wá."

"Tófù wà nílé, Dádì."

"Lọ ra òmíràn."

Nagisa dìde, ó sì jáde. Chizue ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ lu ilẹ̀, wọ́n sì kó o sínú géèmù! Ta ni ìkà tó ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Wọ́n dáṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Segawa tó ń darí wa ní àwọn á pa á rẹ́. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa á rẹ́."

"Ṣé orí yín pé?"

"Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń kú, Ìyá Nagisa. Ìgbà wo lẹnìkan rántí? Ìyẹn nìkan ni mo ṣe tí gbogbo ayé rí. Ṣé kí n ní kí wọ́n dà á nù ni?"

Ìbínú Chizue rọlẹ̀. Ó rẹ òun náà. Ìkòkò ńláńlá ló ń gbé ní ilé ìdáná ilé ìwé látàárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ó sì mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dun ènìyàn.

"Mo da bàtà yín nù," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Bàtà tó dáa."

"Ó dáa gan-an ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mú kí ìbàdí ro Iwao, ó di ojú.

"Ọ̀la wá ńkọ́?" Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ apá kejì géèmù náà. Segawa ti sọ pé àtẹ̀gùn làwọn ènìyàn tún ń béèrè, méjìlá sì ni wọ́n máa tò lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ má lọ, Bàbá Nagisa. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni yín. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ń dùn yín."

"Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mú ọmọdé. Tí wọ́n bá ti mú ọmọdé, ó parí nìyẹn. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mi ò lè fẹnu mi sọ ọ́."

Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Segawa ni. Iwao fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e sétí, ohùn ọkùnrin náà sì ń jáde ketekete.

"Bàbá wa, ẹ kú ìsinmi o! Aago mẹ́sàn-án ọ̀la. A ti to àtẹ̀gùn náà tán, ẹ máa gbádùn ẹ̀ gan-an. Ara ńkọ́?"

"Ara le koko," ni Iwao wí, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ ti bọ́ sórí ẹní. Chizue ń wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ náà gbéra díẹ̀, ó balẹ̀. Ó tún gbéra, ó balẹ̀. Ó dúró pẹ́ kí ó tó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Chizue na ọwọ́, ó gba fóònù létí ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Segawa, ìyá Nagisa ló ń sọ̀rọ̀," ló wí. "Bàbá Nagisa ti lu ilẹ̀. Ẹ dá iṣẹ́ dúró."

Iwao ò na ọwọ́ gba fóònù náà padà.