Búrẹ́dì Lùsíà àti Ata Ilẹ̀ Pupa

Kọ̀ǹkò-kọ̀! Kọ̀ǹkò-kọ̀! Igi lára agolo mílíìkì ni, ní Ìwó, ó ti tó ọgọ́ta ọdún báyìí, tí Dáúdà àti ẹgbẹ́ ajísààrì rẹ̀ bá ń jí àdúgbò ní ìdájí oṣù Ràmàdáánì. Ìró yẹn ló sọ sí Bàbá Làtíìfù létí nígbà tí Hameedah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń ṣàlàyé ọjọ́ Lùsíà, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ àwọn ará Sweden nínú oṣù Kejìlá, fún un nínú ilé ìdáná wọn ní Peckham, nílùú òyìnbó.

"Grandpa, ó máa ṣì ṣókùnkùn. Màá wọ aṣọ funfun, màá gbé iná sórí, a máa kọrin lọ jí Mummy, a máa fún wọn ní búrẹ́dì lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Aṣọ funfun, iná lórí? Ẹ ti di ọmọ ìjọ Ṣẹ̀lẹ́ nìyẹn."

Roqeeb, àbúrò rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ Ṣẹ̀lẹ́.

Jonathan, bàbá wọn, ọmọ Sweden, ló máa ń bá wọn ṣe é lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó ti lọ sìnkú. Mìsítúrà ìyàwó rẹ̀, ọmọ Làtíìfù, kò rójú nídìí iṣẹ́. Ó wá ku Bàbá àgbà.

Ikú yìí gan-an ló ń jẹ Làtíìfù lọ́kàn. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tó ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn sórí fóònù, tó sì ń pa á rẹ́. Ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́? Kò yọjú síbi ìgbéyàwó wọn. "Ọkọ Mìsítúrà" ló ń pe ọkùnrin náà láti ọdún mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ Jonathan ti kọ́ Yorùbá nítorí rẹ̀, ó ń fi imú sọ ọ́, ó ń dọ̀bálẹ̀. Ìyá tó kú náà a máa hun fìlà òtútù ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún. Kò dúpẹ́ rí.

Lálẹ́, òun àti àwọn ọmọ po ìyẹ̀fun, wọ́n ká a bí ìgbín méjì tó kọ̀yìn síra, wọ́n yan án. Kí wọ́n tó ká a, Làtíìfù da ohun yẹ́lò tó rà lọ́jà Rye Lane sí i.

Nígbà tí aago mẹ́fà àárọ̀ lù, Hameedah ṣíwájú lórí àtẹ̀gùn, iná oníbátìrì ń tàn lórí rẹ̀. Ó gbé orin èdè Sweden sókè. Ó dé ìdajì, ó dákẹ́.

"Mi ò rántí ìyókù. Màmá Daddy ló máa ń bá mi kọ ọ́ lórí fóònù." Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Làtíìfù kò mọ ìgbà tí orin ajísààrì Dáúdà já bọ́ lẹ́nu òun:

"Ẹ jí o, ẹ jí o, ilẹ̀ fẹ́ mọ́,
Ẹni tó bá sùn jù, oúnjẹ á fò ó dá!"

Roqeeb gbè é. Hameedah náà nu ojú, ó gbè é. Wọ́n kọ ọ́ wọ yàrá.

Mìsítúrà jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó bu búrẹ́dì jẹ.

"Bàbá! Ata ilẹ̀ pupa lẹ fi sí i? Sáfúrọ́ọ̀nù, òdòdó gbígbẹ olówó ńlá yẹn, ni wọ́n ń lò!"

"Ọláoyè ló ní òun náà nìyẹn."

"Ọláoyè tó ń ta panla? Kí ló mọ̀ nípa Sweden?"

"It's peng, though," ni Roqeeb wí. "Ẹ fún mi sí i."

Hameedah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Grandpa, ta ló máa kọ́ mi ní ìyókù orin yẹn báyìí?"

Làtíìfù sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, ó mú fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí kò pa nǹkan kan rẹ́:

"Jonathan, ọmọ mi. O kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́, kì í ṣe èyí nìkan. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n wà láyé, ìwọ ni mo wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ṣe Lùsíà láàárọ̀ yìí. Orin yẹn kò délẹ̀ lẹ́nu Hameedah. Tí o bá dé, kọ́ àwa méjèèjì."