Ìwọ̀n Ara Emmett Tjaden

Ẹsẹ̀ ọmọ náà ni Verlin Hadacek kọ́kọ́ rí. Ó jókòó sórí pákó nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní àríwá Iowa, yìnyín ń bọ́ níta, àwọn ọmọ ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Àwọn òbí tó jókòó nítòsí ń wo ọkùnrin sísanra yìí tó ń fọwọ́ ra orúnkún, wọn ò mọ ohun tó wá ṣe. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n kọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kóòṣì bọ́ọ̀lù àwọn alákọlù ni, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá, ní Yunifásítì Marlow, àwọn ará ìlà iwájú ló sì wà lábẹ́ rẹ̀: àwọn márùn-ún tó máa ń fi ara wọn ṣe ògiri kí ọ̀tá má baà wó ajùbọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọn àyàfi ọjọ́ tí wọ́n bá ṣàṣìṣe.

Emmett Tjaden ga bí òpó iná, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbéra fẹ́rẹ́, á sì balẹ̀ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́, bíi ti ológbò lórí ògiri. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Hadacek ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó mọ̀ pé oúnjẹ lè fún èèyàn ní ara, ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ tó lè fún èèyàn ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó wa ọkọ̀ lọ sí oko wọn. Lorna, ìyá ọmọ náà, ló ń dá oko ẹlẹ́dẹ̀ náà ṣe láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Láàárọ̀, òun náà ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dídín kalẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dùnkún gígún tí bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀.

"Ẹ jẹun dáadáa, Ọ̀gbẹ́ni Hadacek, ẹ má tijú. Ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nílé yìí ju èèyàn lọ."

"Mà, bí mo bá tún jẹ ẹyọ kan sí i, ẹ̀yin àti Emmett lẹ ó jọ gbé mi dé ìdí ọkọ̀."

Emmett rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ wí i kí n gbọ́. Kí lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

"Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, mà. Yóò kàwé, yóò jẹun, yóò sùn, kò ní san nǹkan kan. Ohun tí à ń béèrè ni pé kó tóbi sí i."

"Kó tóbi báwo?"

"Òjìlérúgba pọ́ùn ó dín mẹ́rin ló wọ̀n báyìí. Ọ̀ọ́dúnrún là ń fẹ́."

"Ọ̀ọ́dúnrún!" Lorna gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ tí mò ń kó lọ tà kì í tó bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe lọ́jọ́ kan, mà. Díẹ̀díẹ̀ ni. Èmi fúnra mi ni n ó máa mójú tó o."

"Ẹ gbọ́, ẹran bíbọ́ ò le. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ́ ẹran gbọ́dọ̀ máa wo ojú ẹ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí kì í sọ tí nǹkan bá ń dùn ún. Bí bàbá ẹ̀ ṣe rí nìyẹn."

"Mo ti gbọ́, mà," ni Hadacek wí. Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná bí ogójì ló máa ń jókòó sí lọ́dún, kò sì sí ìyá tí kì í fún un ní ìkìlọ̀ kan mú lọ.

Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbé irin ní Marlow, lókè sìkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ara, nọ́ńbà ọ̀ọ́dúnrún wà lára ògiri, ó pupa, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Hadacek ló kùn ún síbẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn ará ìlà á tò, wọ́n á gun sìkéèlì lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí kò tíì dé ọ̀ọ́dúnrún ní tábìlì tiwọn ní ilé oúnjẹ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dìde níbẹ̀ tí àwo kò bá ṣófo.

Ọ̀gá tábìlì yẹn ni Tavita Leiato, ọmọ Sàmóà kan tó ń dúró láàárín ìlà, tó ti lo ọdún mẹ́ta ní Marlow. Ọjọ́ kìíní tó rí Emmett ló ti sọ ọ́ lórúkọ.

"Pòròpórò! Pòròpórò àgbàdo! Jẹ ẹyin yẹn tán kí afẹ́fẹ́ tó gbé ẹ lọ."

"Mẹ́jọ ni mo ti jẹ."

"Mẹ́jọ? Ìyẹn ni mo fi ń fọ eyín. Jẹ ẹ́, àbí kí n ránṣẹ́ pe màmá ẹ?"

Ọdún kìíní dára. Wọn kò tíì fi Emmett sínú eré kankan, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́: bí wọ́n ṣe ń rẹ ìdí sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń nawọ́ lu àyà ọ̀tá kí tọ̀hún tó nawọ́. Ó ń jẹ, ó ń gbé irin, títí ìwọ̀n rẹ̀ fi dé igba ó lé àádọ́rin. Ibẹ̀ ló dúró sí. Oṣù kejì ọdún wọlé, kò kúrò níbẹ̀.

Hadacek pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, Emmett, ojú kan náà. Ṣé o ṣì fẹ́ ipò yìí?"

"Mo fẹ́ ẹ, Kóòṣì."

"Jẹun nígbà náà."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: mẹ́rin lé, mẹ́sàn-án lé, títí ó fi di ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú Hadacek dùn débi pé ó to fọ́tò ọmọ náà méjì sórí ìwé kan, èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tó dé àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, ó sì ń gbé e lọ fi han àwọn ìyá mìíràn nínú ilé ìdáná wọn. "Ẹ wo ọmọ yìí," á wí. "Ọmọ olóko bíi tiyín ni."

Ní oṣù kẹjọ, oòrùn ń mú lórí pápá, wọ́n ń dánra wò ní méjì-méjì. Wọ́n fi ọmọ tuntun kan kọjú sí Emmett. Ọmọ náà gbé e, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

"Pòròpórò, dìde, ilẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì!" ni Leiato kígbe, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún un ṣe. Emmett tún ṣubú. Nígbà kẹta, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Rẹ ìdí ẹ sílẹ̀!" Hadacek ń pariwo. "Pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n tó o ní yìí, kí ló dé tó o fi ń fò bí ìwé?"

Emmett dìde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ká sókè, Hadacek sì rí egungun ìhà rẹ̀, ó lè kà wọ́n. Ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀ọ́dúnrún, ibo ni yóò ti rí egungun ìhà? Ó yí ojú kúrò, ó pe àwọn méjì tó kàn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Hadacek dúró ti sìkéèlì gan-an. Emmett gùn ún: ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bó ṣe wà nínú ìwé. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan kan já bọ́ láti ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó ró gbọ̀n-ín lórí sìmẹ́ǹtì. Kíá, Leiato tó tò sẹ́yìn rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ ńlá rẹ̀ lé e.

"Tavita, gbé ẹsẹ̀ ẹ."

"Ó ń sinmi ni, Kóòṣì. Àná ló ti ń dùn mí."

"Mo ní gbé e."

Òjé ni, ọmọ òjé tí àwọn apẹja máa ń so mọ́ okùn ìwọ̀ kó lè rì.

Nínú yàrá iṣẹ́ Hadacek, Emmett tú ìgbànú aṣọ kan tó fi yí abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ ká, ó kó òjé inú rẹ̀ sórí tábìlì. Inú àpótí ìpẹja bàbá rẹ̀ ló ti kó wọn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán wọn sínú aṣọ. Hadacek mú un padà sórí sìkéèlì nígbà tí àwọn yòókù ti lọ. Ọ̀tàlérúgba ó lé mẹ́fà. Ọmọ náà kò tiẹ̀ dúró sí ojú kan láti oṣù kejì. Ó ń rù ni.

"Ṣé o kì í jẹun mọ́ ni?"

"Mò ń jẹ ẹ́, Kóòṣì. Kì í dúró ni." Emmett fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀. "Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń jẹ ẹ́ jù, màá wá bì í. Nígbà tó yá, tí n ò bá tiẹ̀ fẹ́, á jáde. Ní báyìí èmi ni mò ń tì í jáde. Tó bá wà nínú mi, ẹ̀rù ló máa ń bà mí."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo sọ fún yín. Nínú oṣù kẹta. Mo ní inú mi ń dà rú. Ẹ ní kí n máa jẹ ìrẹsì dípò búrẹ́dì."

Hadacek rántí. Ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ ni ọmọ náà dúró sí lọ́jọ́ yẹn, òun sì ń wo eré kan lórí ẹ̀rọ, kò gbé ojú sókè.

Royce Pfeiffer ni olórí gbogbo àwọn kóòṣì Marlow. Òun àti Hadacek ti jọ gbá bọ́ọ̀lù rí nígbà èwe wọn, kò sì sí ìbọ̀wọ̀ asán láàárín wọn.

"Kí dókítà wò ó," ni Pfeiffer wí. "Ṣùgbọ́n má pariwo ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí eré àkọ́kọ́ tó dé."

"Mo ti yọ ọ́ kúrò, Royce. Kò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí."

"Láì bi mí? Kó máa wá ibòmíì lọ nígbà yẹn. Mo nílò ẹni tó máa lo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn."

"Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo jókòó nílé ìyá ẹ̀, mo jẹ oúnjẹ wọn, mo sọ fún un."

"Ìwọ lo sọ ọ́, èmi kọ́."

"Orúkọ ẹ ló wà nísàlẹ̀ ìwé tí mo gbé lọ."

Pfeiffer dìde, ó lọ dúró sójú fèrèsé. "Ta ló kun nọ́ńbà yẹn sára ògiri, Verlin?"

"Èmi ni."

"Má wá bá mi sọ̀rọ̀ bí àlùfáà nígbà náà." Ó yíjú padà. "Gbé ìwé àìsàn ẹ̀ wá, n ó buwọ́ lù ú, kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ẹ̀ má baà bọ́. Ṣùgbọ́n kí n má rí àlàfo nínú ìlà yẹn o."

Hadacek fúnra rẹ̀ ló pe Lorna. Wákàtí mẹ́rin ni ìrìn náà. Obìnrin náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàtà oko rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìta ilé ìwòsàn yunifásítì ni wọ́n ti pàdé.

"Ẹ ní ẹ ó máa mójú tó o."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Kí lẹ wá ń wò?"

"Sìkéèlì ni mò ń wò, mà."

Lorna mi orí. "Nígbà Àjíǹde tó wálé, mo rí i pé eyín ẹ̀ ń jẹrà. Mo bi í, ó ní súìtì ni, mo sì gbà, mi ò mọ̀ pé èébì ló fà á. Nítorí náà mi ò ní dá gbogbo ẹ̀ lé yín lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni wọ́n ń sanwó fún láti wò ó, Ọ̀gbẹ́ni Hadacek. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń rí i."

Ó wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀.

Leiato ló gbé àwọn àpò Emmett sínú ọkọ̀, méjì lọ́wọ́ kan. "Máa lọ jàre, Pòròpórò," ni ó wí. "Èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o jẹ. Èyí tí kò bá wù ẹ́, fi ránṣẹ́ sí mi." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó bá gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Hadacek tún gbogbo wọn wọ̀n láì sọ tẹ́lẹ̀. Nínú mẹ́rìndínlógún, ìwọ̀n mẹ́ta kò bá ìwé mu. Ọ̀kan jẹ́wọ́ pé òun máa ń mu gálọ́ọ̀nù omi kan kí òun tó gun sìkéèlì. Ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì kó àwọn ìwé fọ́tò rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń gé ìwé wẹ́wẹ́. Wọ́n fìdí rẹmi nínú eré àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àwọn ọ̀tá wó ajùbọ́ọ̀lù wọn mọ́lẹ̀. Pfeiffer kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Oṣù kọkànlá ni Hadacek tó lè lọ sí oko náà. Wọ́n ti kórè àgbàdo, ilẹ̀ ṣófo lọ títí. Lorna jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó nu ọwọ́. "Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ló wà," ni ó wí. Kò ní kó wọlé mu kọfí.

Emmett ń da oúnjẹ sínú ọpọ́n àwọn ẹran. Irùngbọ̀n ti hù lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Báwo lara?"

"Ọjọ́ kan á dáa, ọjọ́ kan ò ní dáa. Mò ń lọ rí obìnrin kan tó ń tọ́jú irú àìsàn yìí ní Mason City lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀." Ó gbọn àpò náà. "Tavita ńkọ́?"

"Ẹnu ẹ̀ ò tíì dákẹ́. Emmett, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ ṣì wà níbẹ̀. Kì í ṣe fún bọ́ọ̀lù. Tó o bá fẹ́ padà wá kàwé ní oṣù kìíní."

"Lẹ́tà tí yunifásítì kọ nípa ẹ̀ wà lọ́wọ́ Mọ́mì. N ò tíì mọ̀."

"Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

Emmett gbé àpò náà kalẹ̀. "N ò bínú sí yín, Kóòṣì. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ ohùn yín, sìkéèlì yẹn ni mo máa ń rí. Àní báyìí. Ẹ má pè mí fún ìgbà díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"N ò ní pè ẹ́."

"Ẹ ṣeun."

Hadacek wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Ọmọ kan wà ní Algona tó yẹ kó lọ wò nírọ̀lẹ́ yẹn. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ó pe kóòṣì ilé ẹ̀kọ́ náà, ó ní òun ò ní lè wá mọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ń wo Emmett tó ń gbé àpò mìíràn. Nígbà tó yá, ó tún pe kóòṣì náà, ó ní òun ń bọ̀ wá wo ọmọ náà.