Èkùrọ́ Kan Ló Sọnù

Ọdún kejì tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún lójú títì ni Lábọ̀dé fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù púùlù Ìlọfà. Ẹ má fojú kéré kẹ̀kẹ́ náà o! Ó ń dán débi pé àkùkọ mẹ́ta ti rí ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n sì jà. Bó bá ń gùn ún lọ sí Odò-Ọ̀wà, atẹ́gùn a máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun.

Ẹnu Dáúdà ló fà á. Dáúdà ló ni rédíò, òun ló ń túmọ̀ bọ́ọ̀lù òyìnbó fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé.

"Ìdíje nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún ti Sátidé tó ń bọ̀ ò lè ta ọ̀mì láéláé," ló wí lọ́jọ́ náà.

"Wọ́n á ta ọ̀mì, bọ̀ọ̀dá! Mo fi kẹ̀kẹ́ mi lé e."

"Ùwọ? Èmi náà fi rédíò mi lé e."

Ìgbà tí Lábọ̀dé délé ló tó rò ó: ẹni tí òun bá ta tẹ́tẹ́ náà ni yóò tún túmọ̀ èsì! Ta ní í fi ológbò ṣọ́ ẹja?

Ní Sátidé, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sápò ọ̀tún. Rédíò ń fọ gẹ̀ẹ́sì, Dáúdà ń to èkùrọ́ sílẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ẹyọ kan fún ìdíje kan. "Ìkínní, onílé borí. Ìkejì, àlejò." Bí òyìnbó bá ti dánu dúró, Lábọ̀dé á ju òkúta kan sápò òsì. Nígbà tó kan ìkọkàndínlógún, òyìnbó sọ nǹkan kúkúrú kan. Lábọ̀dé ju òkúta. Dáúdà ò gbé èkùrọ́ kankan kalẹ̀.

Lábọ̀dé rí i. Ó ń wò ó bọ̀.

"Ìkẹtàlélógún, ọ̀mì," Dáúdà ní. "Ìkẹrìnlélógún, onílé borí! Gbé kẹ̀kẹ́ wá!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fo ẹyọ kan! Ọ̀mì yẹn, tèmi ni!"

"Ta ló gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, èmi àbí ùwọ tí o ò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà?"

Hassan tó ni ṣọ́ọ̀bù bá ti kẹ̀kẹ́ àti rédíò mọ́lé, ó ní ó di ìgbà tí ìwé ìròyìn bá ti Ìlọrin dé. Lábọ̀dé jókòó ti ilẹ̀kùn náà fún ọjọ́ méjì. Ó ní òun ò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Ní Mọ́ńdè, tíṣà Rafiat kà á fún wọn: mọ́kàndínlógún ò gbá bọ́ọ̀lù rárá, yìnyín bo pápá. Mẹ́rìnlélógún ta ọ̀mì.

"Olè!" Lábọ̀dé kígbe.

"N ò jalè," Dáúdà ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "N ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ni. Ohùn ọkùnrin yẹn ni mò ń tẹ̀ lé. Bó bá ròkè nígbẹ̀yìn, àlejò ló borí. Bó bá wálẹ̀, onílé. Bó bá dúró sójú kan, ọ̀mì ni. Ti ìkọkàndínlógún ò lórin nínú, mo ṣe bí ó ń wúkọ́ ni."

Ọdún mẹ́fà ló ti ń túmọ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀!

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Lábọ̀dé gbé rédíò tó jẹ nínú tẹ́tẹ́ náà dé. "Èmi gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ju ẹni tó ń sọ ọ́ lọ," ó ní. Òyìnbó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí i. Ó rọra fẹsẹ̀ tẹ Dáúdà lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Ó ròkè ni àbí ó wálẹ̀?" ó sọ sí i létí.

"Ó wálẹ̀."

"Ìkínní, onílé borí!" Lábọ̀dé gbé èkùrọ́ kan kalẹ̀.

Nígbà náà ló gbọ́ ìró wẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Hassan àti gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń ju òkúta sápò.