Ìyálé Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Kí Aránṣọ tó wọ ilé ọkọ rẹ̀ ni ilé náà ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ dé, ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ tó fi ń fá irun lọ, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri pálọ̀ pẹ́pẹ́, ó ní, "Ìyàwó, wá kí ìyálé ẹ. Òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ fún ògiri, ó ní, "Ẹ kú ilé o, ìyálé mi."

Ẹ̀rín yẹn ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.

Nítorí pé ìyálé yìí ń jẹun. Ẹ má rò pé àwàdà ni. Bí oṣù bá ti parí, kí wọ́n tó yọ owó oúnjẹ, kí wọ́n tó yọ owó ilé ìwé àwọn ọmọ, Onígbàjámọ̀ á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á yọ ti ìyálé sọ́tọ̀. Bí iṣẹ́ bá wọlé, ó yọ ọ́. Bí iṣẹ́ ò wọlé, tó dà bíi pé àwọn oníbàárà ti gbàgbé pé irun ń hù lórí wọn, ó yọ ọ́ náà ni. Owó yìí ní àpò tirẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ló máa ń gbé kọ́. Èyí tó sì ń dun Aránṣọ jù, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé òun fúnra rẹ̀ ló rán àpò náà. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó ní ojú mẹ́rin. Ó fi ègé aṣọ tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ rán an: ojú pupa fún òrùlé, ojú búlúù fún omi àti páìpù, ojú funfun fún ọ̀dà, ojú dúdú fún owó ilé tí ìjọba ń gbà lọ́dọọdún. Ọkọ rẹ̀ ò kàwé lọ títí, àwọ̀ ló fi ń dá wọn mọ̀. Aránṣọ rán an kó lágbára, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà já. Ẹ wò ó, obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán pọ́ọ̀sì fún orogún.

Látìgbà náà ló ti ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀ àti ìyálé.

Láàárọ̀, kí ọkọ rẹ̀ tó bi í bóyá ó sùn dáadáa, á ti yí ilé po. Á kan páìpù wò, á gbé ojú sókè wo páànù, á dúró síbi tí ògiri ti là, á rọra fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀ bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Aránṣọ á máa wò ó láti ojú fèrèsé. Ìgbà wo lẹnì kan ti ra ojú tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn? Bí òjò bá ṣú, òrùlé ni ọkọ rẹ̀ á kọ́kọ́ bojú wò. Aṣọ oníbàárà tí ìyàwó sá síta, ìyẹn lè tutù.

Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì ń kú lọ. Ó ti gbó, ó ń fo òwú. Á rán bí ìka méjì, á fo bí ìka kan. Oníbàárà kan wọ búláòsì jáde níbẹ̀, ó dé ibi iṣẹ́, ó na ọwọ́ mú nǹkan lókè, búláòsì là níbi tí kò yẹ kó ti là. Ohun tí obìnrin yẹn sọ nígbà tó padà dé, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ nísàlẹ̀ òpópónà ní ọ̀kan tí wọ́n ti lò díẹ̀, tó mọ́, tó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní òun á bá a dì í mú di Sátidé. Lẹ́yìn Sátidé, aránṣọ tó wà ní òdìkejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Tinrín, ló máa gbé e.

Ìgbà kan péré ló la ẹnu sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Orí oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n wà.

"Bàbá wa," ó ní, ilẹ̀ ló ń wò, "ẹ̀rọ mi yìí... ó tún ti ń fo o."

"Fi epo sí i."

"Mo ti fi epo sí i. Epo ò ràn án mọ́. Mo ní... bóyá ká wò ó... nínú àpò yẹn..."

"Àpò wo?"

"Ti ìyálé."

Onígbàjámọ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀. Kò pariwo. Ì bá tilẹ̀ sàn kó pariwo.

"Ilé bàbá mi ò ṣàdédé wó," ó ní. "Ebi ló pa á. Páànù kan ṣí lórí ẹ̀, wọ́n ní àwọn á tún un ṣe tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Omi wọ àjà, ó gba àjà wọ ògiri. Lọ́jọ́ tó wó, èmi ni mo ń kó ìkòkò àti ẹní jáde sínú òjò. Ṣé o fẹ́ kí tèmi náà kú ni?"

"Rárá o! Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há Aránṣọ lọ́rùn bí eegun ẹja. *Tèmi*, ló wí. Kò ní *tiwa*. Tí ilé bá jẹ́ tirẹ̀, tí ìyálé sì ni ààyò, kí wá ni òun ń ṣe níbẹ̀? Àlejò tó ń rán aṣọ? Ẹ̀rù bà á, kò sì lè bi í.

Sátidé dé. Onígbàjámọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ ti ilẹ̀kùn yàrá, ó já àpò náà sílẹ̀. Ojú pupa yọ ikùn síta bí ẹni tó jẹun yó tó ń gbàtẹ́gùn. "Ẹ kú oríire," ó sọ fún ògiri. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó kó owó náà jáde, ó fi há ìbàdí lábẹ́ ìró. Bó ṣe ń de ìró lọ́wọ́ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn ìta gbàgbàgbà.

Ó fa ìró náà mọ́ra. "Ta... ta nìyẹn?"

"Káfíńtà ni o! Bàbá ní kí n wá wo orí ìyálé yín!"

Ó wá burú tán. Káfíńtà pàápàá ti mọ ilé sí ìyálé.

Ọkùnrin náà gbé àkàsọ̀ rẹ̀ wọlé, èékánná rẹ̀ kún fún ọ̀dà, ìṣó mẹ́ta há a lẹ́nu. Ó la pálọ̀ kọjá. Ó yọjú sí yàrá, ó rí korobá tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí omi ti ń kán, kò dúró. Ó lọ tààrà sí yàrá kékeré ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà.

"Ibí ni," ó ní.

"Ibí kọ́, yàrá ló ń jò. Ẹ ò rí korobá ni?"

"Mo rí i. Bàbá ní ìyẹn lè dúró. Wọ́n ní korobá ti mọ́ àwọn lára, ó ń sùn láàárín yín bí ọmọ àbíkẹ́yìn." Ó rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí ìṣó bọ́. "Wọ́n ní ibi tí ìyàwó àwọn ń jókòó ni kí n kọ́kọ́ dí. Omi ti ń wá wáyà iná kiri níbẹ̀. Ẹ gbójú sókè, Màmá."

Aránṣọ gbójú sókè. Ó rí i. Àbàwọ́n kan tó pọ́n bíi tíì ti rìn gba àjà kọjá, ó kù díẹ̀ kó dé ìdí gílóòbù tó wà lókè orí rẹ̀ gan-an. Gbogbo bó ṣe ń ṣọ́ ọkọ, tó ń ṣọ́ ògiri, tó ń ṣọ́ àpò, kò ṣọ́ òkè orí ara rẹ̀ rí.

"Ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́ fún yín?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Wọ́n ní àwọn ń dúró kí owó ẹ̀ pé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí iná gbé yín."

Inú Aránṣọ rọ̀. Lẹ́yìn náà ló tún gbóná. Káfíńtà! Káfíńtà ló sọ irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ fún! Òun tí orí jẹ́ tirẹ̀, kò gbọ́ kiní kan.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó yí ẹ̀yìn padà, ó tú owó láti ìbàdí, ó san án fún un.

"Owó yìí gbóná o," Káfíńtà ní. "Ṣé inú ààrò lẹ ń kó o sí?"

"Ẹ máa lọ ilé yín, ẹ jọ̀ọ́."

Ó kó ìyókù padà sínú ojú pupa. Ọ̀sán ti ń yẹ̀. Níbi tó jókòó sí lábẹ́ páànù tuntun, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo àpò náà. Ó wá ṣa ègé aṣọ yẹ́lò kan nínú agbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ ìdí àpò. Ẹ̀rọ fò lágbede méjì. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi parí rẹ̀.

Nígbà tí Onígbàjámọ̀ dé, irun oníbàárà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀. Ó bá àpò lórí tábìlì.

"Ta ló já a sílẹ̀?"

"Èmi ni. Káfíńtà wá. Mo sanwó fún un."

"O ṣé. Kí ni yẹ́lò yìí?"

"Ojú karùn-ún ni." Ó fi ìka tẹ ojú yẹ́lò náà. "Tèmi ni."

"Ilé ni mo ní kó o rán àpò fún, o wá—"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, tí mo bá dákẹ́ mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ta ló ń bọ́ ìyálé? Ṣebí irun tí ẹ ń gẹ̀ ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mi. Abẹ́rẹ́ mi ló ń ra oúnjẹ tó ń jẹ́ kí owó tiyín ṣẹ́ kù. Tí ẹ̀rọ yìí bá kú, ebi máa pa ilé yín." Ó ti àpò náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Àbí... ṣé tiyín ni, àbí tiwa?"

Onígbàjámọ̀ gbọn irun kúrò lọ́rùn. Ó wo ìránṣọ ojú yẹ́lò, níbi tí ẹ̀rọ ti fò, tí abẹ́rẹ́ ọwọ́ sì ti gbà á.

"Tiwa ni," ó ní. "Ta ni mo tún fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀? Ṣùgbọ́n pupa ò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́, yàrá ṣì ń jò. Búlúù ńkọ́? Páìpù ń sunkún. Dúdú, ti ìjọba ni, àwọn yẹn ò mọ àwàdà."

"Funfun wà níbẹ̀."

"Ọ̀dà? Ara ògiri ń bó, ìyàwó. Gbogbo àdúgbò ń wò ó."

"Kí wọ́n máa wò ó. Kí ìyálé má kun àtíkè lọ́dún yìí. Ṣé ó ń lọ síbì kan ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Onígbàjámọ̀ kó tó rí i mú. Ó tú ojú funfun, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú yẹ́lò, ó ní tí kò bá pé, òun á bá ọkùnrin ẹlẹ́rọ sọ ọ́, òun nìkan ló kúkú ń gẹ irun ọkùnrin náà. "Wọ bàtà ẹ. Ó lè má tíì ti ṣọ́ọ̀bù."

Aránṣọ ti wọ bàtà. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó bojú wẹ̀yìn wo ara ògiri tó ń bó, tí ọ̀dà rẹ̀ ká jọ bí awọ ẹni tó gba oòrùn, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri pẹ́pẹ́, ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́.

Aránṣọ dúró gbagidi.

"Kí lẹ bá a sọ?"