Okùn Bíríkìlà

Àgbà ní ẹni tó jí kàkàkí ọba, kò ní í rí ibi tí yóò ti fọn ọ́n. Bóyá ni ẹni tó pa òwe náà dé ilé ẹ̀kọ́ àgbáyé yìí rí. Níhìn-ín, gbọ̀ngàn wà tí wọ́n ti ń fọn ọ́n, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, àwọn òbí a sì máa pàtẹ́wọ́.

"Ọjọ́ kìn-ín-ní, kókó méjì," ni adájọ́ àgbà ìdíje sáyẹ́ǹsì ń kà sókè látinú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ kẹrin, kókó márùn-ún. Ọjọ́ kẹsàn-án, kókó mẹ́tàlá."

Obìnrin tó ń nulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn dáwọ́ dúró. Ìyá Mọ́ọ̀pù ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè é. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ìyókù kí adájọ́ tó kà á: ọjọ́ kejìlá, kókó mẹ́tàdínlógún. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ oríkì ọkọ ẹni. Òun ló ń di agolo mú láràárọ̀, nínú yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ sí, nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ń wọn ẹ̀wà tó gbìn sínú agolo náà. Ẹ̀wà ń lọ́ mọ́ igi bí ejò, rúlà kò lè tẹ̀lé e. Ni ọmọ náà bá mú okùn tí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà fi ń wọn ògiri kó tó kú, ó ta kókó sí i léraléra, ìbú àtàǹpàkò kan láàárín kókó sí kókó, ó sì ń lọ́ ọ tẹ̀lé ẹ̀wà láti ìdí dé orí.

"Màmá, Bàbá ló ń bá mi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé yìí," ló máa ń wí.

"Sọ fún un kó má gbàgbé láti bá èmi náà nulẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì gba agolo àti ìwé, pé òun fẹ́ máàkì wọn. Nígbà tó yá, ó ní àwọn agbálẹ̀ ti kó wọn dànù. Ìyá Mọ́ọ̀pù fọwọ́ tú gbogbo garawa ìdọ̀tí ilé ẹ̀kọ́ náà. Kò rí nǹkan kan. Ẹni tí kò bá sì ní ìwé kò lè dúró níwájú adájọ́, bẹ́ẹ̀ àyè ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo ni yunifásítì fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbégbá orókè. Ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì báyìí, ó ń ṣe ìṣirò. Ọmọ Alága ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló dúró sídìí tábìlì. Ẹ̀wà yẹn náà ni, ìkòkò aláwọ̀ wúrà ni wọ́n tún un gbìn sí.

"Ọmọ dáadáa," ni adájọ́ wí, "kí ni kókó kan?"

Ọmọ Alága wo òkè àjà. "Ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n, sà."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ti... ti dádì mi."

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mu tíì, sà. Ẹ máa rí ẹ̀rọ náà."

Kí ife tíì àkọ́kọ́ tó tutù, òun àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti wà ní yàrá ìgbálẹ̀.

"Ìyá, okùn yẹn dà?"

"Okùn wo, sà?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà ti sọ fún mi."

Ìyá Mọ́ọ̀pù wo olùkọ́. Olùkọ́ ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Tíṣà, ìwé tí àwa agbálẹ̀ kó dànù, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Ẹ bá mi kí i kú àbọ̀."

Ọ̀gá àgbà ti ilẹ̀kùn. "Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, ilẹ̀ ló fi ń lọ. Ta ló gba ọmọ yín síbí lọ́fẹ̀ẹ́? Ìdánwò àṣekágbá ku oṣù mẹ́ta. Ọmọ tí mo bá lé lónìí, níbo ló ti fẹ́ ṣe é?"

Okùn náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lókè àkísà ìnulẹ̀. Oṣù mẹ́ta. "Ọlọ́run opó," ni obìnrin náà wí, "ojú Rẹ rèé o." Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un wálẹ̀.

Ní gbọ̀ngàn, ọmọ Alága na okùn náà tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, bí ẹni ń wọn aṣọ fèrèsé. Kò lọ́ ọ rárá. Kókó mẹ́sàn-án ló kà. Ìwé ní mẹ́rìnlélógún.

"Ó ti kúrú sí i, sà."

"Ó ṣàìsàn díẹ̀," ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fi kún un.

Adájọ́ fi ìka kan tọ ẹ̀wà náà, ó ń yí i po igi, díẹ̀díẹ̀, láti ìdí títí dé orí. Ó mọ̀. Gbogbo ẹni tó lójú níbẹ̀ rí i pé ó mọ̀. Ó gbójú sókè sára ògiri, níbi tí wọ́n kọ orúkọ Alága sí gàdàgbà-gadagba, nítorí òun ló kọ́ gbọ̀ngàn náà. Ó wo Alága fúnra rẹ̀ tó jókòó síwájú, tó ń jẹ bisikíìtì. Ó kọ nǹkan sórí ìwé.

Àtẹ́wọ́ sọ. Wọ́n pe ọmọ Alága jáde, ipò kìn-ín-ní.

Wọ́n ní kí Ìyá Mọ́ọ̀pù wá nu tíì tó dà sílẹ̀. Nínú garawa ìdọ̀tí, láàárín ife tákàdá, ló ti rí okùn ọkọ rẹ̀, tíì ń kán lára rẹ̀. Ó fún tíì inú rẹ̀ dànù. Ó ju mọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó sì sáré jáde.

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò adájọ́ ti ń dún. Obìnrin náà fi ọwọ́ tútù gbá gíláàsì rẹ̀.

"Ìyá Mọ́ọ̀pù!" ni aṣọ́nà ilé ẹ̀kọ́ kígbe. "Ṣé kò sí o?"

Gíláàsì wálẹ̀ dé ìdajì. Àwọn ọmọ kíláàsì ìṣirò ń jáde. Ọ̀kan nínú wọn dúró sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀. Obìnrin náà na okùn sínú mọ́tò.

"Sà, ọmọ mi ló dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi òun náà pé kí ni kókó kan."