Abẹ́rẹ́ Tó Ń Parọ́

Irọ́ ni mọ́tò Gbóyèga Àjíṣafẹ́ ń pa. Bí ó bá rọ epo kún un, abẹ́rẹ́ géèjì á ní kò sí nǹkan kan nínú táǹkì. Bí ó bá tẹ bíréèkì, abẹ́rẹ́ yẹn kan náà á fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ jẹ. Nígbà mìíràn gbogbo iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ gbogbo á wó lulẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú sójú títì. Tókùnbọ̀ ni. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lókè òkun kí ó tó wọ Èkó, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ká ní mọ́tò ìgbafẹ́ lásán ni, Gbóyèga ì bá ti gbé e tì. Ṣùgbọ́n nítorí oyún Naomi, ìyàwó rẹ̀, ló ṣe rà á. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni Naomi bí àkọ́bí wọn sí, nítòsí Ẹgbẹ́dá, lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró títí tí wọn ò rí ọkọ̀. Ọmọ náà kò ké. Láti ọjọ́ yẹn, bí Naomi bá gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, á fọwọ́ di etí. Oyún mìíràn ti wá di ńlá báyìí, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìgandò sì ti sọ fún wọn pé ọmọ dábùú nínú, pé iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbé e, àti pé bí ìrọbí bá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, kí wọ́n má jókòó sílé rárá. Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ Command ni wọ́n ń gbé, Ìgandò sì jìnnà. Ohun kan ṣoṣo tí Gbóyèga ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí mọ́tò yìí má kú lọ́jọ́ náà.

Wàsíù, ríwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Command, ti ṣe é títí ó ti sú u. Ó ní bátìrì ni, wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Ó ní fúùsì ni, wọ́n yẹ gbogbo fúùsì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní géèjì fúnra rẹ̀ ló ti kú, ó sì wá òmíràn láti ara mọ́tò tí wọ́n ti tú. Géèjì àlejò yìí sọ òótọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ́ irọ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá nílé. Nígbà tó yá, Wàsíù nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ òkodoro ọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ gbàdúrà sí mọ́tò yìí jàre. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kọjá wáyà.”

Àdúrà kẹ̀? Bí àdúrà bá ń tún mọ́tò ṣe, ti Gbóyèga ì bá ti máa fò lójú ọ̀run. Abigail, ìyá rẹ̀, tí gbogbo ìjọ aláṣọ funfun àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Àdúrà, ti wá ń bá wọn gbé láti ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ ti kú. Ní àràárọ̀, kí Gbóyèga tó jí, á ti wọ sùtánà rẹ̀, á jáde láìwọ bàtà, á mú ìgò omi àdúrà rẹ̀ dání, á jókòó sínú mọ́tò, á sì máa gbàdúrà kíkan-kíkan. Òórùn lọ́fínńdà máa ń ta sánsán nínú mọ́tò náà títí di ọ̀sán. Bí ó bá tún kú lójú ọ̀nà, àdúrà ọjọ́ kejì á le ju ti àná lọ. Abigail ní ọwọ́ ayé ló wà nínú ẹ̀, ayé ọ̀hún kò sì jìnnà, torí kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Á wá máa wo fèrèsé Charity, ayálégbé òdìkejì, obìnrin tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan ju kí ó kí wọn káàárọ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, tí ọjọ́ tí dókítà dá kò tíì pé, Naomi pe ọkọ rẹ̀ láti yàrá. Ìrọbí ti mú un. Ó fọwọ́ gbá a mú dé ìdí mọ́tò, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo iná tàn. Gbogbo abẹ́rẹ́ wó lulẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ wúkọ́.

Ó tún yí i, ó tún yí i. Ó pe Wàsíù, kò gbé e. Ó fi fóònù pe takisí. Awakọ̀ àkọ́kọ́ ní òun ń bọ̀, kò sì wá, èkejì bi í pé ibo ló ń lọ, ó gbọ́ Ìgandò, ó gé e. Bí wọ́n ṣe dúró nígbà ti àkọ́kọ́ náà nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá lẹ́nu ọ̀nà, Naomi sì di aṣọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

“Má gbé mi sínú kẹ̀kẹ́,” ó wí. “Jọ̀ọ́.”

Gbóyèga sáré mú ọ̀bẹ ní ilé ìdáná, ó fi yọ ike abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kúrò, ó sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó ti wo Wàsíù títí ó fi mọ wáyà dúdú kan tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ irin ara mọ́tò, tí wọ́n ní ibẹ̀ ni gbogbo iná ń gbà padà sílé. Ọwọ́ rẹ̀ bà á. Ó tutù, nǹkan kan sì ki mọ́ ọn lára bí ògì. Ó fà á, irin ha á níka, ó sì ki ìka bọ ẹnu láìronú.

Iyọ̀ ni. Kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ gidi ni, lọ́fínńdà sì wà nínú rẹ̀. Gbóyèga mọ ìtọ́wò yẹn kí ó tó mọ ìrìn. Bí ibà bá mú un ní kékeré, omi tí ìyá rẹ̀ máa ń gbàdúrà sí fún un mu nìyẹn, omi oníyọ̀ tó kán lọ́fínńdà sí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀: ìyẹ̀fun funfun àti aláwọ̀ ewé, ìdọ̀tí àdúrà àràárọ̀, tó ti jẹ ẹnu wáyà náà. Inú bí i gidigidi, lẹ́yìn náà ojú tì í pé inú bí i sí ìyá tó bí i.

Kò sáyè ìyẹn. Ó fi ọ̀bẹ ha irin náà títí ó fi dán, ó ha ẹnu wáyà, ó dá a padà, ó sì fi ìka yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí ìka fi bó. Naomi ti ń ké lẹ́yìn. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Iná tàn, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ kí wọ́n kú. Ẹ́ńjìnnì dún. Abẹ́rẹ́ epo rọra gbéra, ó dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀. Omi bọ́ lójú Gbóyèga.

Ìgbà náà ni Abigail sáré jáde pẹ̀lú sùtánà rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì fẹ́ da omi inú ìgò rẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Gbóyèga gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

“Fi mí sílẹ̀, Gbóyèga,” obìnrin náà wí. “Mo sùn lọ lọ́jọ́ ọmọ àkọ́kọ́. Mi ò gbàdúrà.”

Gbóyèga kò mọ̀ pé ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Kò tú ọwọ́ náà sílẹ̀.

“Orí èmi ni kí ẹ dà á sí, Màámi. Èmi ni mo fẹ́ wà á.”

Abigail wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọ̀bẹ, ó wo ike tó ṣí sílẹ̀. Ó da gbogbo omi náà sí i lórí, ó sì wọlé sẹ́yìn, ó gbé orí Naomi lé itan. Bí Gbóyèga ṣe wa mọ́tò nìyẹn, omi ń kán láti irùngbọ̀n rẹ̀, ojú kan wà lójú títì, ìkejì wà lára abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kò mì.

Nígbà tí wọ́n kọjá Ìdímù, ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Ṣé omi mi ni?”

“Wáyà ló gbó, Màámi.”

Abigail wo ìgò òfìfo ọwọ́ rẹ̀. Kò gbàdúrà mọ́ títí wọ́n fi dé Ìgandò. Kò sí ìgbà tí Gbóyèga bá a wọkọ̀ rí tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì bà á lẹ́rù ju iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì sáré gbé Naomi wọlé. Abigail ní òun yóò dúró ti mọ́tò. Gbóyèga nìkan ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, tí kò lè jókòó, tí kò lè dìde dáadáa, tí aṣọ sì gbẹ mọ́ ọn lára. Ó ń retí ìró kan ṣoṣo. Nígbà tí ó gbọ́ ọ, kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì yọjú, tó ní ọmọbìnrin ni, ara ìyá rẹ̀ sì le.

Ó sáré jáde sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn iwájú mọ́tò ṣí sílẹ̀. Abigail kúnlẹ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta láìní bàtà, ó ká etí sùtánà rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń kì í bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń fi nu wáyà ibẹ̀, ó ń fà á yọ. Etí aṣọ funfun náà ti di aláwọ̀ ewé.

“Màámi,” Gbóyèga wí, “ó ké.”

Ìyá rẹ̀ mi orí pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Omi ojú ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kejì gbà á lábẹ́ àgbọ̀n, kó má baà kán sórí wáyà.