Orúkọ Tí Bándélé Fún Obìnrin Inú Fíìmù

“Yéwándé, wá wo ọkọ ẹ, ó ń sunkún.”

Ṣọlá, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń yan gàárì n'Íṣẹ̀ẹ́-Èkìtì, ló gbé fóònù dé ojú ẹ̀. Fíìmù tí Bándélé lọ ṣe l'Ádó ló ti jáde. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni wọ́n ní kó ṣe níbẹ̀: onígìtá tó ń ti ìlú dé ìlú kọrin. Obìnrin pupa kan sì rèé tó fẹ́ já a sílẹ̀. Bándélé gbé gìtá sílẹ̀, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, omi lé ròrò sójú ẹ̀.

“Àmọ̀kẹ́,” ó ní, “Àmọ̀kẹ́ mi, má lọ.”

Ìyá Yéwándé ló máa ń pè é ní Àmọ̀kẹ́. Látìgbà tí màmá ti kú, kò sẹ́ni tó tún ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé yìí, àfi Bándélé nìkan.

“Gàárì ẹ ti ń jóná,” Ṣọlá ní.

“Jẹ́ kó jóná.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà, mọ́tò àwọn olórin Bándélé yà sílé. Ìgbàrà-Odò ni wọ́n ń lọ ṣeré. Bándélé ti ń pariwo bọ̀ látẹnu ọ̀nà: “Àmọ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́ mi dà?”

“Àmọ̀kẹ́ ò sí nílé,” Yéwándé dáhùn, ó ń ro gàárì lọ. “Inú fíìmù ló wà. Ó pupa, ó wọ bàtà gogoro.”

Ṣọlá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ìborùn bo ẹnu.

Bándélé jókòó sórí àpótí. “Dárẹ́kítọ̀ ní kí n sunkún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la yà á, omi ò jáde. Ìgbà tí mo pe orúkọ ẹ ló tó jáde.”

“Obìnrin yẹn gba orúkọ mi, ó tún gba omijé mi mọ́ ọn. Ṣé kí n wọn gàárì fún un kó máa mu?”

“Iṣẹ́ ni, jàre.”

“Wọn ò kọ orúkọ tiẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fún ẹ ni?”

“Wọ́n kọ ọ́.” Ó gbé ojú wálẹ̀.

Dírẹ́bà fọn fèrè mọ́tò. Bándélé dìde, ó gbọn ṣòkòtò. “Yéwándé, mò ń lọ.”

Ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pè é ní Yéwándé rí. Ó dà bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ó wá dùn ún ju ti fíìmù lọ. Ó gbé igbá ìrogàárì sílẹ̀, ó bọ́jú, ó wọ sálúbàtà.

“Ṣọlá, bá mi yan èyí tó kù.” Ó wọnú mọ́tò. “Ẹ sún fún mi.”

“Níbo lò ń lọ?” Bándélé bi í.

“Ìgbàrà-Odò. Gbogbo ayé ló gbọ́ nígbà tí o fi orúkọ mi pe obìnrin yẹn. Lórí pèpéle lónìí, wàá nawọ́ sí mi, wàá fi pè mí. Tó o bá pè mí tán, màá wò ó bóyá màá dáhùn.”